Ọtí Pípọn ní Òkè-Ògùn: Ìkòkò, Iná àti Ìwọ̀n Ooru

Bí ènìyàn bá ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé àṣà Yorùbá tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, tí ó sì wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ohun mímu, ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ ni yóò bá níbẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ó ń gbé inú igbó ni wọ́n fi wo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pẹ ni ó yí wọn ká, òun ni wọ́n rí, òun náà ni wọ́n sì kọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn wọ ọkọ̀ gba Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí mọ̀ pé kí ọkọ̀ tó dé ọ̀hún ni igbó ti ń di ọ̀dàn, tí ọ̀pẹ ti ń ṣọ̀wọ́n, tí ó fi jẹ́ pé etí odò ni a ti ń rí i, tí igi emi àti igi igbá sì ń pọ̀ sí i. Ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Ìgànná, Àgọ́-Àrẹ, Tedé, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbòho, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì, ọkà bàbà jẹ́ ohun ọ̀gbìn pàtàkì láti ayébáyé. Ohun mímu tí ó ti ara ọkà yìí jáde ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àpilẹ̀kọ yìí. A ó wo àwọn ohun èlò tí àwọn ìyá wa fi ń pọn ọtí, a ó sì wo ọgbọ́n tí wọ́n fi ń darí ooru láti ìgbà tí ọkà bá ti wọ inú omi títí di ìgbà tí ọtí yóò fi dé inú ahá, nígbà tí kò sí tẹ̀mómítà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ju bí a ti lè rò lọ. Ní ọdún kan, a jókòó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa láti máàkì ìwé ìdánwò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan jọ ṣe. Ìbéèrè kan ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ohun mímu ìbílẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ kan kọ ẹmu, ó kọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ó sì kọ ‘oti baba’ láìfi àmì ohùn kankan sí i. Olùmáàkì tí ìwé náà bọ́ sí lọ́wọ́ fa igi pupa lé èkejì àti ẹ̀kẹta. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní òun kò mọ ohun tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ jẹ́, àti pé ọtí tí bàbá ń mu kì í ṣe orúkọ ọtí. Ọmọ náà jẹ̀bi àmì ohùn, a gbà. Ṣùgbọ́n nínú ìdáhùn mẹ́ta tí ó kọ, méjì tí ó ti ilé ìyá rẹ̀ mú wá ni wọ́n fagi lé, èyí tí ó hàn nínú ìwé nìkan ni wọ́n gbà. Bí olùdánwò bá ń ṣe báyìí, kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ Òkè-Ògùn yóò fi kọ́ láti máa kọ àṣà ìlú ẹlòmíràn sílẹ̀ kí wọ́n lè yege nínú ẹ̀kọ́ èdè abínibí wọn.

Ẹ̀rí láti inú èdè

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí èdè fúnra rẹ̀ ń sọ. Ẹmu ni a ń dá. Ọtí ni a ń pọn. A kì í gbọ́ kí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa sọ pé òun pọn ẹmu, bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbọ́ pé ẹnì kan dá ọtí láti ara ọkà. Ìyàtọ̀ yìí ní ìdí. Nínú ẹmu dídá, igi ti ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù tán kí adẹ́mu tó gùn ún. Omi inú ọ̀pẹ ti dùn tẹ́lẹ̀, kíkan ni ó sì ń kan fúnra rẹ̀ láti orí igi wá. Ní ti ọkà, kò sí adùn kankan lójú rẹ̀. Ènìyàn ni yóò fi ọgbọ́n yọ adùn jáde lára ohun gbígbẹ, kí ó tó wá sọ adùn náà di ọtí. Ìdí nìyí tí ẹmu dídá fi jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin tí ó lè fi igbà gun igi, tí ọtí pípọn sì jẹ́ iṣẹ́ obìnrin tí ó mọ ìkòkò àti iná.

Ọ̀rọ̀ náà ‘ọtí’ ti gbòòrò lóde òní. Bíà tí ó wà nínú ìgò, jíìnì, àti wáìnì inú Bíbélì, gbogbo wọn ni a ń pè ní ọtí. Àgbà tí ó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yékéyéké ṣì máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ pé, ‘ẹmu ni mo mu, n kò mu ọtí.’ Ní ti wa, a gbà pé èyí tí a fi ọkà pọn ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ náà, tí àwọn yòókù sì wá yá a lò.

Ọtí ọkà méjì ni a mọ̀ jù. Èkíní ni ọtí bàbà, tí a fi ọkà bàbà pọn. Èkejì ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí a fi àgbàdo pọn. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ìjọ CMS tẹ̀ jáde ní 1913 gba ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Abraham ní 1958, nítorí náà kò sí àwáwí fún olùdánwò tí ó bá sọ pé òun kò rí i kà rí. Ní ti èwo ni ẹ̀gbọ́n, kò yẹ kí ó ṣòro. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni a ti kọ́kọ́ gbin ọkà bàbà láyé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wa ṣáájú ìrìn-àjò Columbus ní 1492. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọgbọ́n tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lórí ọkà bàbà ni àwọn ìyá wa gbé lé orí àgbàdo nígbà tí ó dé. Kí á kíyèsí pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ń gbin àgbàdo ní Òkè-Ògùn, tí a bá ti sọ ‘ọkà’ ṣákálá lóko ibẹ̀, ọkà bàbà ni àgbẹ̀ ń gbọ́.

Ẹ̀rí kan wà tí ó jìnnà sí Ṣakí, tí ó sì dùn mọ́ wa nínú. Ní erékùṣù Kúbà, àwọn ọmọ ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, ní ohun mímu kan tí wọ́n máa ń pèsè nígbà ọdún òrìṣà. Chequeté ni orúkọ rẹ̀. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn a sì fi omi ọsàn kíkan àti ṣúgà tàbí oyin ìrèké sí i. Ẹni tí ó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é kò nílò ògbufọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tí ó dé Kúbà, ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n débẹ̀, nígbà tí ogun ń tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká. A lè ti ibẹ̀ mọ̀ pé ní ìgbà náà, àgbàdo àti orúkọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti so pọ̀ nílé.

Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé rí

Ìgbà àkọ́kọ́ tí òyìnbó fi ojú ara rẹ̀ rí ọtí yìí ní agbègbè wa, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, wà lára ìrìn-àjò Hugh Clapperton. Òun àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí 1825, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Kìíní 1826. Ọ̀nà àríwá tí wọ́n gbà lọ sí ààfin Aláàfin kọjá nínú ọ̀dàn yìí, Kìṣí sì wà lójú ọ̀nà wọn nígbà tí wọ́n ń lọ sí ìhà Bàrùbá. Ní 1830, Lander àti àbúrò rẹ̀ John tún padà gba ọ̀dàn yìí kọjá. ‘Pitto’ ni wọ́n ń pe ọtí tí wọ́n bá pàdé. Orúkọ yìí kì í ṣe ti Ọ̀yọ́. Ẹnu àwọn ará Ẹdó àti ti Gáná ni a ti ń gbọ́ ọ títí di òní. Òyìnbó a máa fi orúkọ tí ó ti kọ́ níbì kan pe ohun tí ó bá ní ibòmíràn, ó sì yẹ kí olùkọ́ máa ṣọ́ irú èyí nígbà tí ó bá ń ka ìwé wọn.

Ọ̀rọ̀ Samuel Johnson ni ó wúlò fún wa jù. Ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni a tó rí i tẹ̀ jáde. Níbi tí ó ti ń ka iṣẹ́ àwọn obìnrin sílẹ̀, ó fi ọtí pípọn láti ara ọkà bàbà àti àgbàdo sáàárín epo ṣíṣe, àdí ṣíṣe àti òrí ṣíṣe. Ó tún sọ pé wọ́n máa ń ya ibi kan sọ́tọ̀ fún un nínú agbo ilé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tí ó ní ìbòrí, kí iná má baà jó ilé. Gbólóhùn kékeré ni, ṣùgbọ́n ó kún fún ẹ̀kọ́. Iná tí a fi ń se ọbẹ̀ kò ju ohun tí ààrò inú ilé lè gbà lọ. Bí wọ́n bá ní láti kọ́ ibùdó sọ́tọ̀ nítorí ewu iná, a jẹ́ pé ìkòkò ńláńlá ni, pé iná náà a máa jó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àti pé iṣẹ́ òwò ni, kì í ṣe ti ẹnu ọkọ àti ọmọ nìkan. Ilé koríko ni gbogbo ìlú nígbà náà. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀ta iná kan ṣoṣo tó láti jó àdúgbò run.

Ohun èlò àti bí ooru ṣe ń rìn

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú omi. A ó da ọkà sínú ìkòkò tàbí odù, a ó bu omi lé e, yóò sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó gbọ̀n ọ́n sínú agbọ̀n kí omi rẹ̀ lè ro dànù. A ó wá tẹ́ ewé sílẹ̀ ní ibi tí òòrùn kò ti lè tà á, a ó da ọkà lé e, a ó sì fi ewé mìíràn bò ó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ọkà náà yóò hù. Ọkà híhù yìí ni òyìnbó ń pè ní mọ́ọ̀tì.

Ibí yìí ni ìdánwò ooru àkọ́kọ́ wà. Ọkà tí ó ń hù ń mí, mímí rẹ̀ sì ń mú ooru jáde. Bí a bá kó o jọ gègèrè, àárín rẹ̀ yóò gbóná tí ọwọ́ kò ní lè gbé e. Bí ó bá ti gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, èéhù rẹ̀ yóò kú, èébu yóò sì bò ó. Bí a bá sì tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò gbẹ kí ó tó hù tán. Bí a bá ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé, tí a sì rí i pé ó ti ń gbóná, a ó tú u, a ó yí i padà, a ó sì wọ́n omi sí i. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ pé ìwọ̀n ooru tí ọkà bàbà fi ń hù dáadáa jùlọ wà láàárín 25 sí 30°C, nígbà tí ọkà báálì ti ilẹ̀ Yúróòpù ń fẹ́ bí 15°C. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé abẹ́ òjìji ilé ní Ṣakí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọkà bàbà mu láìsí ẹ̀rọ kankan. Ẹni tí ó bá fẹ́ hu báálì níbẹ̀ ni yóò máa wá yìnyín.

Nígbà tí ó bá hù tó, a ó sá a sí oòrùn. Oòrùn Òkè-Ògùn lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ìdí láti kọ́ ilé ìyangbẹ irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ olótùútù. Bí ó bá gbẹ, a ó fi ọwọ́ ra á kí èéhù rẹ̀ lè já kúrò. Ẹni tí kò mọ̀dí lè rò pé nítorí ẹwà ni. Èéhù ọkà bàbà ní èròjà kan nínú tí ó lè di májèlé. Yíyọ èéhù dànù àti síse ọtí fún ọ̀pọ̀ wákàtí ni ó ń lé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó lọ̀ ọ́. Orí ọlọ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ láyé àtijọ́, kí ẹ̀rọ ìlọta tó dé.

Ní ti síse, ọ̀nà kan kọ́ ni gbogbo ènìyàn ń gbà. Ekundayo ṣe àlàyé pito pípọn ní 1969. Ó ní wọn a po ìyẹ̀fun ọkà híhù mọ́ omi, wọn a sè é fún ìgbà pípẹ́, wọn a jẹ́ kí ó tutù, wọn a fi agbọ̀n sẹ́ ẹ, wọn a fi omi rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì títí yóò fi kan díẹ̀, wọn a tún sè é kí ó lè ki, lẹ́yìn náà ni wọn a wá bu ìdí ọtí ti tẹ́lẹ̀ sí i. Ní ti burùkútù, tí ó wọ́pọ̀ ní ìhà Àríwá, Faparusi, Olofinboba àti Ekundayo ṣe ìwádìí rẹ̀ ní 1973. Gààrí wà lára ohun tí wọ́n ń fi sí i, ó sì máa ń ki ju pito lọ. Ṣíṣẹ́ ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun èlò tí ó sì ṣe pàtàkì jù níbí ni asẹ́ àti agbọ̀n. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lójú asẹ́ ni eèrí, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn sì ni.

Nínú síse yìí ni ìṣòro kan wà tí ó jinlẹ̀ ju gbogbo èyí tí a ti sọ lọ. Sítáàṣì inú ọkà gbọ́dọ̀ rọ̀ nínú omi gbígbóná kí ó tó lè di adùn. Ohun tí yóò sọ ọ́ di adùn ni ẹ́ńsáìmù tí ó wà nínú ọkà híhù. Ti báálì rọrùn, nítorí pé sítáàṣì rẹ̀ ti rọ̀ kí omi tó gbóná dé 65°C, ẹ́ńsáìmù rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Sítáàṣì ọkà bàbà kì í rọ̀ títí omi yóò fi kọjá 68°C, ó sì lè tó 75°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni tí omi bá ti gbóná tó báyìí, ẹ́ńsáìmù ti ń kú. Bí iná bá kéré, kò sí adùn. Bí iná bá pọ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣe adùn. Báwo ni ẹni tí kò ní tẹ̀mómítà yóò ti ṣe é?

Àwọn obìnrin tí ń pọn ọtí tchoukoutou ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Benin, ní Parakou àti àyíká rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò Ṣakí ní ìkọjá ààlà, ti wá ojútùú sí i. Wọn a po ìyẹ̀fun ọkà híhù mọ́ omi tútù, wọn a sì jẹ́ kí ó silẹ̀. Omi tí ó bá tòrò sókè ni ẹ́ńsáìmù wà nínú rẹ̀. Wọn a rọra dà á sápá kan. Èyí tí ó ki nísàlẹ̀ ni sítáàṣì. Òun ni wọn a gbé ka iná, tí wọn a sè é títí yóò fi rọ̀. Nígbà tí ó bá ti tutù díẹ̀, wọn a tún da omi tòròtòrò náà padà lé e. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo ọgbọ́n yìí dáadáa. Wọ́n pín ohun méjì tí iná kan kò lè tẹ́ lọ́rùn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n fún èyí tí ó ń fẹ́ iná ní iná, wọ́n sì fi èyí tí ó ń sá fún iná pamọ́. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan tí ó kọ́ wọn.

Ní ti bí a ti ń mọ̀ bóyá ó ti tutù tó, ọwọ́ ni òṣùwọ̀n. Èyí kò fi àwọn ìyá wa sẹ́yìn ẹnikẹ́ni láyé ìgbà náà. Àwọn apọntí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, kí tẹ̀mómítà tó wọ inú iṣẹ́ wọn, ìka ni wọ́n ń tì bọ omi. Tàbí kí wọ́n dúró títí oruku omi yóò fi dínkù, tí wọn yóò fi lè rí ojú ara wọn nínú omi náà. Michael Combrune, ẹni tí ó kọ ìwé nípa ọtí pípọn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1758 àti 1762, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa fi tẹ̀mómítà wọn ooru omi ọtí. Àwọn apọntí mìíràn kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn tó àwọn.

Ìkòkò tí a ń fi ọtí sí láti kan ni ó kàn. A kì í fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ni irúgbìn ọtí tí ń bọ̀, nítorí pé yíìsì àti àwọn kòkòrò àìrí tí ń mú nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó tú Bíbélì pe irú nǹkan báyìí ní ìwúkàrà, orúkọ náà sì bá a mu. Bíà Yúróòpù ti ayé àtijọ́ a máa hó láàárín 15 sí 24°C; irú èyí tí wọ́n ń pè ní lágà, tí ó kún inú ìgò lónìí, ń fẹ́ 7 sí 13°C, èyí tí kò sí ibì kan ní Òkè-Ògùn tí a ti lè rí i láìsí ẹ̀rọ. Èyí ni ó fà á tí ọtí bàbà fi ń hó kíákíá, ní òru kan tàbí ọ̀sán kan, tí ó sì ní ìkan díẹ̀ lẹ́nu. Kíkan yìí kì í ṣe àbùkù. Òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò búburú lè gbé inú rẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, tí òru bá tutù nini, híhó a máa falẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ààrò sì ni ààyè ìkòkò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ooru bá mú, inú ilé tí ó ṣókùnkùn ni, tàbí kí a ri ìdí ìkòkò mọ́lẹ̀ nínú iyanrìn tútù.

Amọ̀ ìkòkò fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbí. Àmù a máa làágùn. Omi ń yọ ní ara rẹ̀ wẹ́wẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a sì gbé e lọ, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń mú ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ tó ni àmù ń tutù tó, ìdí nìyí tí omi àmù fi ń dùn mu ní Ṣakí ju ní Èkó lọ. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, ló ọgbọ́n kan náà nígbà tí ó fi ìkòkò kékeré sínú ńlá, tí ó fi iyanrìn tútù sí àárín wọn láti fi tọ́jú èso. Ẹ̀bùn Rolex ti 2000 ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Ohun tí àwọn ìyá ọlọ́tí mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ayé pàtẹ́wọ́ fún.

Ìgò dé, ìkòkò sá wọlé

Ní Yúróòpù, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣẹ́gun ooru. Ní àwọn ọdún 1870 ni Carl von Linde ṣe ẹ̀rọ amúǹkantutù fún àwọn ilé ọtí ní Jámánì. Ìwé Pasteur lórí bíà jáde ní 1876. Ní 1883 ni Hansen ya yíìsì kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní ilé ọtí Carlsberg. Láti ìgbà náà ni bíà ti di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tún padà sídìí ìkòkò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1963 ni ìjọba mú ìwé àṣẹ àti owó-orí kúrò lórí bíà tí ènìyàn bá pọn fún ara rẹ̀ nílé. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Carter fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1978, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1979. Lónìí, ẹni tí ó ń fi ọtí pípọn ṣeré níbẹ̀ a ra tẹ̀mómítà, a ra ìkòkò aláìdípẹtà, a ra ẹ̀rọ tí ń mú ọtí tutù, a sì máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí dígíríì kan ṣoṣo. Eré ni fún wọn. Fún obìnrin Òkè-Ògùn, owó ọjà àti owó ilé-ìwé ọmọ ni.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ohun tí ó mú ìkòkò ọtí dínkù ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti pẹ́ ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, kò sì fi àyè gba ohun tí ń pa ni. Ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni náà wàásù lòdì sí i. A kò bá wọn jà lórí èyí. Mímọ̀ bí a ti ń pọn ọtí yàtọ̀ sí mímu rẹ̀, olùkọ́ tí ó jẹ́ mùsùlùmí lè kọ́ ọmọ ní orúkọ asẹ́ àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láìfi ẹnu kan nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ìgò dé. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀ ní 1946, ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde ní Èkó ní 1949. Ilé-iṣẹ́ ọtí Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tirẹ̀ ní 1978. Báálì tí wọ́n ń lò, láti òkè òkun ni ó ti ń wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yí padà sí nìyí. Nígbà tí owó ilẹ̀ òkèèrè wọ́n, ìjọba àpapọ̀ fòfin de mímú báálì híhù wọlé, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 1988. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ọtí ní láti yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ilé ìwádìí ìjọba tí ó wà ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ti ń ṣèwádìí lórí bí a ṣe lè fi ọkà bàbà ṣe mọ́ọ̀tì ṣáájú àkókò náà. Ìṣòro tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dojú kọ kì í ṣe tuntun: sítáàṣì tí ó ń fẹ́ iná púpọ̀ àti ẹ́ńsáìmù tí kò lè gba iná. Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n rà láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn fi yanjú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí a fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá sún mọ́ ààlà jù wá lọ. Ìdí ọtí tí àwọn ọlọ́tí tchoukoutou fi ń pe ọtí tuntun jí, kpètè-kpètè ni wọ́n ń pè é. Ó fara jọ pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ tiwa gidigidi, ní ìró àti ní ìtumọ̀, nítorí ohun tí ó ki bí ẹrẹ̀ ni. Ìjọra ìró nìkan kò tó láti fi sọ pé ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n, a sì mọ iye àṣìṣe tí irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ ti kó àwọn onímọ̀ èdè sí. Ṣùgbọ́n Ìdáàṣà àti Ṣábẹ, tí Yorùbá ń gbé, wà láàárín Parakou àti etíkun, Ṣakí sì wà ní ìhà ìlà-oòrùn wọn. Ẹni tí ó bá lè jókòó ti àwọn ìyá ọlọ́tí ní ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ó sì gba orúkọ ohun èlò wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ni yóò lè sọ ẹni tí ó kọ́ ẹnìkejì.